Imú Tó Wọ́, àti Ọwọ́ Tó Wẹ̀ Mí

Ẹni tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ògiri àárín imú rẹ̀ wọ́, tí àyà rẹ̀ ń já bó ṣe ń padà lọ sílé, òun ni mo ń kọ èyí sí. Èmi náà gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ wá sí Fìdítì, n kò sì mọ ẹnì kan tó ti gba ibẹ̀ kọjá tí mo lè bi léèrè. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè sọ, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi kún un.

Gààrí ni mo ń yan. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé imú ni òṣùwọ̀n wa. Ẹ̀gẹ́ tí a ti rin, tí a kó sínú àpò, tí a gbé òkúta lé, òórùn rẹ̀ ló ń sọ fún wa bó ṣe kan tó. Àwọn kan fẹ́ kó kan gan-an, àwọn kan kò fẹ́ kó kan rárá, èmi sì ni mo máa ń tú ẹnu àpò, tí mo máa ń tẹ orí sí i, tí mo máa ń sọ pé, “Ó tó, ẹ dáná.” Kò sẹ́ni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ mi wò.

Ihò imú òsì mi ló kọ́kọ́ dí. Mo pè é ní ọ̀fìnkìn. Ọ̀fìnkìn a máa wá, a sì máa lọ, ṣùgbọ́n èyí wá, ó jókòó. Nígbà tó ṣe, bí mo bá fẹ́ sùn, àfi kí n la ẹnu sílẹ̀. Bí mo bá jí, ọ̀nà ọ̀fun mi á gbẹ bí awọ. Orí á máa fọ́ mi láàárín ojú méjèèjì. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀jẹ̀ á kàn máa kán láti imú mi sórí aṣọ. Mo sì ń hanrun débi pé ọkọ mi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, “Ẹ̀yin fẹ́ ìyàwó, èmi fẹ́ ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ibi tí n kò ti lè rẹ́rìn-ín mọ́ ni ìgbà tí obìnrin kan tó máa ń ra gààrí lọ́wọ́ mi láti Ìlọrà gbé gbogbo ọjà tó rà padà wá. Ó ní, “Ìyá Fẹ́mi, ṣé gààrí lẹ tà fún mi ni àbí ọtí kíkan? Àwọn ọmọ ilé mi ní ṣé mo fẹ́ pa àwọn ni?” Mo bu díẹ̀ sọ́wọ́, mo gbé e sí imú. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé e sẹ́nu, ó kan tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dijú. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé imú mi ti lọ.

Mo lọ ra oògùn tí wọ́n ń kán sí imú lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí èyí. Oògùn náà ṣiṣẹ́. Bí mo bá kán an sí i, imú á là bí ẹni ṣí fèrèsé, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò tún dí, dídí rẹ̀ á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wá ń kán an láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní oògùn yẹn gan-an ti sọ ara rẹ̀ di àìsàn kejì sí mi lára. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n ń lò ó. Èmi ti lò ó ju ọdún kan lọ.

Màámi ń gbé ní Ìlọrà, nínú agbo ilé tí wọ́n bí mi sí. Òun ló ń wẹ ọmọ tuntun ní agbo ilé wa. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ nílé mọ bí a ti ń ṣe é: a ó fi omi gbígbóná àti òrí ra orí ọmọ kó lè rí roboto, a ó na apá, a ó na ẹsẹ̀, a ó sì fi ìka méjì fa egungun imú sókè díẹ̀díẹ̀ kí imú lè dúró. Wọ́n máa ń sọ pé bí ẹ bá rí ọmọ tí imú rẹ̀ gún régé ní Ìlọrà, ọwọ́ ìyá mi ni.

Mo lọ kí i lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan. A jókòó síta, a ń yọ àgbàdo lára ṣùkù. Ó ń fetí sí mímí mi.

“Àṣàkẹ́, sún mọ́ ibí. Gbé ojú sókè.”

Mo gbé e sókè. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tọ imú mi láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

“Ó wọ́,” ó ní. “Ó wọ́ sí òsì.”

“Màámi, ọ̀fìnkìn ni.”

“Ọ̀fìnkìn kì í wọ́ imú. Ọwọ́ ló ń wọ́ imú.” Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ lórí itan, ó ń wò wọ́n. “Ìwọ ni àkọ́bí mi. Ìyá mi ti kú, ìyá ọkọ mi wà lóko, kò sẹ́ni tó lè wẹ̀ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo wẹ̀ ọ́, n kò sì wẹ ọmọ kankan rí. Ìwọ ni mo fi kọ́ṣẹ́.”

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní kò sí ohun tí n ó fi pa òun lẹ́nu mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, àìsàn mi kì í ṣe tèmi nìkan mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò wá sí Fìdítì. Ó gbé abọ́ òrí dání àti aṣọ ìnura tuntun. Ó ní, “Ọwọ́ tó bà á jẹ́ náà ni yóò tún un ṣe.” Láràárọ̀, kí n tó jáde lọ sí ibi iṣẹ́, yóò rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, yóò fi bo imú mi, yóò fi òrí ra á, yóò wá fi àtàǹpàkò tì í láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí àgbàlagbà obìnrin bíi tèmi gbà. Ìyá mi ni. Ooru náà sì ń tù mí lára. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn mí bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì gbọ́ ohun kan nínú imú mi bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ya. Ẹ̀jẹ̀ dà. Kì í ṣe kíkán mọ́, dídà ni. Ó kún aṣọ ìnura, ó gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú, mo ń pọ̀ ọ́. Ọkọ mi gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ki òwú bọ ihò méjèèjì kó tó dúró. Nígbà tí a padà délé ní ìrọ̀lẹ́, Màámi ṣì jókòó sí ibi tí a fi í sí. Òrí àti ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò tíì fọ̀ ọ́. Ọjọ́ kejì, ó padà sí Ìlọrà, kò sì fọwọ́ kan ojú mi mọ́.

Nígbà tí mo padà lọ yọ òwú náà, dókítà ti Ọ̀yọ́ fi iná wo inú imú mi. Ó ní ògiri tó pín imú sí méjì ló tẹ̀ sí apá òsì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pa, àti pé kò sí bí a ṣe lè fi ọwọ́ tò ó láti ìta, àfi iṣẹ́ abẹ. Ó ní, “A ó gé ibi tó wọ́ kúrò, ó parí.” Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ èékánná. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn kí ẹlòmíràn lè bá mi wò ó.

Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó tètè jí. Ìdájí ni mo kúrò ní Fìdítì, síbẹ̀ bẹ́ǹṣì ti kún kí n tó dé. Bàbá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, láti Jóbẹ̀lẹ́, ló sún fún mi. Àárín imú rẹ̀ rì sínú bí ẹ̀yìn gàárì ẹṣin, bó bá sì ń mí, imú rẹ̀ á máa súfèé. Ó rí i pé mo ń gbìyànjú láti má wò ó.

“Ẹ wò ó, ìyá. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀,” ó ní. “Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tèmi wọ́ bíi tiyín. Wọ́n gé e, wọ́n gé e jù. Òpó kúrò, òrùlé wá sílẹ̀. Ihò méjèèjì sì lu sí ara wọn nínú, ìyẹn ló ń súfèé yìí. Bí mo bá sùn, àwọn ajá àdúgbò á máa jẹ́ mi lóhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó wá sún mọ́ mi. “Bí ẹ bá wọlé, ẹ má bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa gé nìkan. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa fi sílẹ̀.”

Dókítà tó wò mí ní Ìbàdàn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Mo bi í ní ìbéèrè tí bàbá yẹn fi rán mi. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Bó ṣe yé mi ni mo ń sọ yìí. Ó ní egungun rírọ̀ bíi ti etí ló wà níwájú ògiri náà, egungun líle ló wà lẹ́yìn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sì bo méjèèjì bí àpò ìrọ̀rí ti bo ìrọ̀rí. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí wọ́n ṣí awọ, kí wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú egungun náà jáde. Ó yá, imú sì ń là dáadáa, ṣùgbọ́n bí ohun tó kù kò bá tó láti gbé imú dúró, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá ìta yẹn lè ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n ṣí awọ, kí wọ́n gé ìwọ̀nba tó dí ọ̀nà, kí wọ́n tún èyí tó kù tò sí àárín gbùngbùn, kí wọ́n sì rán an mọ́ ibẹ̀. Ìyẹn gba sùúrù, nígbà mìíràn ó sì lè fẹ́ padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí irú egungun yẹn kì í tètè gbàgbé. Ọ̀nà kẹta ni èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tín-ínrín tó ní iná àti ẹ̀rọ ayàwòrán lórí ṣe. Ọgbẹ́ rẹ̀ kéré, ó dára fún ẹni tó jẹ́ pé ibi kékeré kan ló yọ gọnbu lẹ́yìn níbi tí ojú kò tó.

“Èwo ló dára jù?” mo bi í.

“Mà, èyí tó bá imú yín mu ni. Níwájú ni tiyín ti wọ́. Ọ̀nà kejì ni mo máa lò. Bí mo bá débẹ̀ tí mo rí i pé ó le ju bí mo ti rò lọ, mo lè ṣí i láti abẹ́ imú, àpá rẹ̀ kò ní ju fọ́nrán irun lọ.”

Èyí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀, pé kò sọ pé ọ̀kan dára fún gbogbo ènìyàn.

Ilé ni ìjà wà. Àbúrò mi ọkùnrin, Délé, ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná. Imú kì í pa ènìyàn.” Mo ní kó wá sùn sí yàrá mi kó lè mọ bóyá kì í pa ènìyàn. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé àgbo wá, òmíràn ní kí n máa fa èéfín ewé gbígbẹ kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ wa méjèèjì, ó kó owó rẹ̀ fún mi, ó sì jáde lọ.

Ṣùgbọ́n Màámi ni mo ń bẹ̀rù láti sọ fún. Mo lọ bá a ní Ìlọrà. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

“Wọ́n máa gé ohun tí mo bà jẹ́,” ó ní.

“Wọ́n máa tún un tò ni, Màámi.”

“Ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí o ṣe. Ohun kan ni mo fẹ́. Bi í léèrè fún mi. Bi í pé ṣé ọwọ́ ni.”

Mo bi í. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ni mo bi í. Dókítà náà ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n bí i mọ́, ti ẹlòmíràn wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rọbí, ti ẹlòmíràn nígbà tó ṣubú ní kékeré. Ó ní, “Ó ṣòro kí n gbà pé ọwọ́ ìwẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n èmi kò sí níbẹ̀, mi ò lè búra.”

Yàrá iṣẹ́ abẹ tutù bí inú kànga. Nọ́ọ̀sì kan di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n máa sọ orúkọ àwọn ọmọ mi fún òun. N kò mọ èyí tí mo sọ kẹ́yìn. Nígbà tí mo la ojú, ihò imú méjèèjì ti kún fún òwú, ẹnu nìkan ni mo fi ń mí, ojú mi wú, omi sì ń dà lójú mi tí kì í ṣe ẹkún. Ìrora rẹ̀ kò tó bí mo ti rò. Yíyọ òwú yẹn ló le. Bí ìgbà tí wọ́n ń fa okùn gígùn jáde láti àárín orí ènìyàn ni. Wọ́n tún rán ike pẹlẹbẹ méjì mọ́ inú rẹ̀ láti di ògiri náà mú, ìyẹn pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́, atẹ́gùn wọlé láti apá òsì. Ó tutù. Mo bú sẹ́kún níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà.

Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fun imú, n kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, n kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ èéfín títí yóò fi jinná. Nítorí náà n kò lè padà sídìí agbada gààrí. Mo lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá mi. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ni mo sọ fún un, n kò fi kún un, n kò yọ kúrò níbẹ̀.

“Ṣé ó búra?” ó bi mí.

“Kò búra, Màámi. Ó ní ó ṣòro kí òun gbà á.”

“Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń wẹ̀ ọ́. Èmi ni mo wà níbẹ̀.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sùn lọ lórí ẹní ní pálọ̀. Ọwọ́ tó ń mì mí léjìká ló jí mi. Màámi ló kúnlẹ̀ tì mí, ojú rẹ̀ ti yí padà.

“N kò gbọ́ ọ,” ó ní. “N kò gbọ́ mímí rẹ. Mo rò pé o ti lọ.”

“Mo ń sùn ni, Màámi. Mo ń mí.”

Ó gbé etí sún mọ́ ojú mi, ó sì fetí sí i. “Ṣé báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní láti kékeré mi ni òun ti ń gbọ́ ariwo yẹn, òun rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, òun kò mọ̀ pé ìyà ni. Ìwòsàn mi, tí mo gbé wá fún un bí ẹ̀bùn, òun ló tún fi ìwọ̀n ẹ̀bi náà hàn án.

Òjò ọdún náà kò tíì dá nígbà tí òun náà dùbúlẹ̀. Ọjọ́ ogbó ni, kò sí àìsàn kan pàtó. Kò lè wẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ kí ìyàwó Délé wẹ òun. Èmi ni mo ń lọ láti Fìdítì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn ìyá mi, òórùn òrí àti ti aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí, tí n kò gbọ́ láti ọdún pípẹ́. Ní ọjọ́ kan, mo ń fi kànìnkàn fọ ojú rẹ̀, mo sì dé imú. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Rọra o, Àṣàkẹ́. Má tẹ̀ ẹ́ o. N kò fẹ́ gbé imú wíwọ́ dé iwájú bàbá rẹ lọ́run.”

Mo wò ó. Ẹ̀rín ló ń rín, láìní eyín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi ọṣẹ fi dà sí mi lára. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà láàárín wa, ọjọ́ náà nìkan ló fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo fẹ́ bi í bóyá ó ti fi í sílẹ̀. N kò bi í. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tó kú. N kò mọ̀ títí dòní.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Ihò imú méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ti òsì ṣì máa ń fún díẹ̀ nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò kán mọ́. Mo ń sùn, n kò hanrun. Orí kò fọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Òórùn padà wá, kò padà tán. Mo lè mọ ẹ̀gẹ́ tó ti kan, n kò lè mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kan, nítorí náà ọmọ mi obìnrin ló ń tẹ orí sí àpò nísinsìnyí. Dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló lè rí. Imú mi dúró, kò rì, kò súfèé.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù ọ̀bẹ jù. Ẹ fi oògùn kíkán sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tò ó. Ẹ bi dókítà ní ohun tó máa gé, ohun tó máa fi sílẹ̀, àti ìdí tó fi yan ọ̀nà tó yàn. Bí ìyá tó wẹ̀ yín bá sì wà láàyè, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí tèmi ti ń wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ má lọ bá a béèrè. Ẹ mú un dání. Ẹ jẹ́ kó wọ mọ́tò pẹ̀lú yín, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó wọlé, kó bi dókítà fúnra rẹ̀, kó sì máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Èmi ni mo gbé ìdáhùn wálé fún tèmi, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrà sì jìn fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.